Ìbéèrè Yín: Kí ló dé tí Ga kò bá m mu?

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé obìnrin kan tó ń kọ raga (orin ìbílẹ̀ Íńdíà). Wọ́n ní Sa Re Ga Ma Pa Dha Ni náà ni d r m f s l t. Sa wa bára mu, Pa náà bára mu, àmọ́ tí a bá ti dé Ga, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Ta ló ṣì í nínú àwa méjèèjì? (Òǹkàwé, Lọ́ńdọ̀nù)

ÌDÁHÙN: Kò sẹ́ni tó ṣì í. Orúkọ ló bára mu, ìṣirò ló yàtọ̀. Ara tanpura (ohun èlò olókùn tó ń dún Sa láìdáwọ́ dúró) tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀ ni akọrin yẹn ti ń fetí wá Ga, ní ìwọ̀n 5 sí 4. Bí Sa bá jẹ́ 240 Hz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), Ga á jẹ́ 300. Kíbọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ pín àárín d sí d òkè sọ́nà 12 lọ́gbọọgba, ohùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 1.05946 ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, m á bọ́ sí 302.4. Ẹ má fojú kéré 2.4 yẹn o. Ohùn tín-ín-rín kan wà nínú okùn Sa tó jẹ́ ìlọ́po 5 rẹ̀, ìyẹn 1200. Ìlọ́po 4 m yín jẹ́ 1209.5. Àwọn méjèèjì ń kọlu ara wọn bí ìgbà mẹ́sàn-án ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbígbọ̀n tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Pa akọrin jẹ́ 360, s yín jẹ́ 359.6, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Tí kíbọ́ọ̀dù yín bá ní Scale Tuning (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ yí ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ fi d sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá yí ìyókù pẹ̀lú cent (100 cent ni àárín ohùn méjì tó tẹ̀ léra): m −14, l −16, t −12, f −2, r +4, s +2. Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó ń yí gbogbo kíbọ́ọ̀dù pọ̀, torí d náà á bá a lọ. Ẹ kọ́kọ́ fetí sí Dha akọrin o: nínú raga mìíràn, ìlọ́po 27/16 ti Sa ni, l á wá di +6.

Ohun tí ẹ máa fi dí i rèé: kọ́ọ̀dù r f l á bàjẹ́, nítorí àárín r sí l ti fi cent 22 kéré sí bó ṣe yẹ. Ẹ máa tẹ d àti s nìkan lábẹ́ orin. Tí akọrin bá sì gbé Sa síbòmíràn, ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ yí. Torí kí orin lè ṣí kiri fàlàlà ni àwọn òyìnbó ṣe gba ìpín ọgbọọgba. Harmonium (dùùrù kékeré tó ń lo afẹ́fẹ́) tó gbé ìpín yìí dé Íńdíà, All India Radio, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Íńdíà, fòfin dè é láti 1940 sí 1971; kò tún lè fa ohùn láti ibì kan dé ibòmíràn bí ọ̀fun ṣe ń ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Onítabla (ẹni tó ń lu ìlù Íńdíà) máa ń lu nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó balẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè bá a balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Tihai nìyẹn. Nínú tintal, àyípo tó jẹ́ ìlù 16, ẹ ka 17, torí 1 àyípo tuntun ló ń balẹ̀ sí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 1 pẹ̀lú ẹyọ ìlù 5 àti ìsinmi 1: 1 sí 5, 7 sí 11, 13 sí 17. Tó bá jẹ́ ẹyọ 4 àti ìsinmi 1, orí 4 ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ka 16 á fi ìlù kan ṣáájú rẹ̀ balẹ̀.