Ọjọ́ mẹ́ta nínú yàrá kò lè wo ọ̀mùtí sàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ ni mí l'Ẹ̀pẹ́, mo ń kọ ìtàn kan nípa apẹja tó ń jẹ́ Múfú. Ọjà Olúwo ni ìyá rẹ̀ ti ń ta ẹja. Ìgò ògógóró kan ni Múfú ń mu lójúmọ́, ó ti tó ọdún mẹ́jọ, orí rẹ̀ sì ti ń dàrú díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ tì í mọ́ yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gba ojú fèrèsé gbé ẹ̀kọ àti omi fún un. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti dá, ó sì bẹ ìyá rẹ̀. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta tó, àbí kí n sọ ọ́ di méje? Kí ni kó máa pariwo nínú yàrá? Ṣé àgbo kan wà tí mo lè fi kún un?

ÌDÁHÙN: Ọjọ́ mẹ́ta tó. Ó tó láti pa á.

Ẹ má bínú, Olùkọ́, mo mọ̀ pé ìtàn lẹ̀ ń kọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkọ̀wé nìkan ló ń béèrè irú nǹkan yìí. Àwọn ìyá gan-an ń béèrè é, kọ́kọ́rọ́ yàrá sì ti wà lápò wọn. Fíìmù ti fi kọ́ wọn pé ṣe ni kí wọ́n ti ọ̀mùtí mọ́lé, kó laágùn, kó pariwo, kí ọtí gbẹ lára rẹ̀, ó parí. Tí ìtàn yín bá tún sọ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan á kà á, á sì lọ ra àgádágodo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ọtí a máa dẹ ọpọlọ lọ́wọ́. Tí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ ò ní káwọ́ gbera, á máa tiná bọ̀ ọ́ kó lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹ rò ó bí ọlọ́kadà tó ń tẹ bíréèkì, tó tún ń fún un níná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọtí ni bíréèkì. Tí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, iná ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kadà á sì fò. Fífò yẹn ni ìgbọ̀nrìrì, gìrì àti ìránrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀mí èṣù kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọtí ń jáde lára.

Ìgò kan lójúmọ́ yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Ìgò ògógóró 75cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40% ní ọtí tó tó ti ìgò bíà mẹ́wàá, bíà ńlá 60cl tó jẹ́ 5%. Ti ẹlòmíì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń wọn agbára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n. Bíà mẹ́wàá, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́jọ! Ara Múfú ti mọ ọtí bí ẹja ṣe mọ omi.

Ẹ jẹ́ ká wá wo aago. Ká ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Àìkú ló mu ife ìkẹyìn, tí ìyá rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn. Wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, èébì á máa gbé e, oorun ò ní kùn ún. Láàrin wákàtí 6 sí 48 ni gìrì lè mú un, ó sì lè má tíì sọ ìsọkúsọ kankan kó tó ṣubú. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti aago méjì òru títí di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ló máa rí i nínú yàrá títì? Èyí tó burú jù máa ń dé láàrin wákàtí 48 sí 96. Ní wọ́ọ̀dù, DT là ń pè é, ìyẹn delirium tremens. Ara á gbóná, ọkàn á máa sáré, èèyàn ò ní mọ ọjọ́ mọ́, kò ní mọ ibi tó wà. Ẹ ka wákàtí náà dáadáa: alẹ́ ọjọ́rú, tí ẹ ní kí ojú rẹ̀ dá, àárín DT ló bọ́ sí.

Ẹ béèrè ohun tó máa pariwo. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Kì í sábà bú ìyá rẹ̀ bí ti inú fíìmù. Ó máa ń rí nǹkan kéékèèké: èèrà lára ògiri, eku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa ṣa kòkòrò tí kò sí kúrò lára aṣọ. Ó sì lè máa ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ lójú òfúrufú. Apẹja á máa fa àwọ̀n, á máa pàṣẹ fún ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ pé kó dúró, kó fà á, omi ti ń wọlé. Bó bá dàárọ̀ ọkàn rẹ̀ lè padà díẹ̀, kó dáhùn dáadáa, ìyá á rò pé ó ti ń sàn. Kó tó dalẹ́, ó tún ti dàrú. Tó bá là á já, ó lè má rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tó ń bẹ ìyá rẹ̀ yẹn, ẹ sún un síwájú.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi gbà pé títì mọ́lé ń ṣiṣẹ́? Nítorí wọ́n ti rí i tí ẹnìkan tì ọmọ tó ń mu igbó mọ́lé, tọ́mọ náà jáde láàyè. Igbó yàtọ̀. Ẹni tó dá igbó dúró lójijì á máa bínú, kò ní rí oorun sùn, ṣùgbọ́n ìdádúró yẹn kì í pa á. Síróòpù codeine tí ìjọba fòfin dè ní 2018 náà yàtọ̀: imú á máa ṣomi, á máa yàgbẹ́ gbuuru, eegun á máa ro, ẹni náà á rò pé òun ń kú, kì í sábà kú. Ọtí ní tirẹ̀ ń pani. Ẹ má sì fetí sí aládùúgbò tó ní òun fi ọtí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nǹkan kan ò ṣe òun. Òde àríyá lòun ti ń mu, ara tirẹ̀ kò tíì gbára lé e.

Àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú inú yàrá ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ti ṣíbí bọ ẹnu ẹni tí gìrì mú, wọ́n á da ìtọ̀ màlúù sí i lọ́nà ọ̀fun, á gbà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Tí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan dá a dùbúlẹ̀, ẹ kó nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ máa wo aago, kí ọkọ̀ ti máa bọ̀. Ẹlòmíì á pe ẹni tó ń ta oògùn kó gún un lábẹ́rẹ́ Largactil kó lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn yẹn gan-an lè jẹ́ kí gìrì tètè mú un. Ẹlòmíì á fa omi glucose sí i lára. Fítámìn B1 ti gbẹ lára ọ̀mùtí. Tí ṣúgà bá wọlé ṣáájú rẹ̀, ojú rẹ̀ lè dúró sọ́nà kan, ẹsẹ̀ á máa ta gìẹ́gìẹ́, ìrántí rẹ̀ sì lè lọ pátápátá. Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ B1 ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni oògùn ìdílé diazepam tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tí wọ́n á máa dín kù fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Mi ò ní kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbí, torí ẹnìkan á mú un lọ bá oníkẹ́míìsì. Òun àti ọtí pọ̀, èémí lè dúró.

Àgbo? Rárá. Inú ọtí ni wọ́n ti ń rẹ púpọ̀ nínú wọn.

Ti orí tó ń dàrú, ẹ má tíì pe Múfú ní wèrè. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọtí ti kúrò lára kí dókítà tó lè sọ bóyá àìsàn ọpọlọ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ìyá wà nítòsí ọmọ, ẹ ka ìtàn Arò, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta: láti 1954 ni Dókítà Lambo ti jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí máa bá aláìsàn gbé ní abúlé tó yí ọsibítù ká. Ti Èkó, ẹ̀ka ọsibítù ọpọlọ Yábàá tó wà l'Óṣòdì ló ń tọ́jú àwọn tí oògùn àti ọtí ti wọ̀ lẹ́wù. Láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n lè gba Ìtóìkin jáde sí Ìkòròdú.

Ohun tí ìyá Múfú yẹ kó ṣe kò ní dùn mọ́ yín. Tó bá jẹ́ ọ̀la ni wọ́n máa rí dókítà, kí Múfú má dá ọtí dúró lálẹ́ yìí. Kó mu ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi ní gbọ̀n, kó má mu àmupara, kó jẹun, kí ẹnìkan sùn tì í. Tó bá ń tòògbé, tó ń bì, tàbí tí kò lè jókòó, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Tí gìrì bá mú un tàbí tó bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ, òru yẹn náà ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ wọn. Ìmọ̀ràn gbogbogbòò nìyí o: mi ò rí Múfú, mi ò sì rí ẹni tí ẹ fi ṣe àwòkọ rẹ̀, tó bá wà.

Tí ẹ bá ń wá ibi tí ìtàn yín á ti ta òǹkàwé lára, ibẹ̀ ló wà. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́jọ fọ́ ìgò mọ́ ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló máa bu ògógóró sínú ife lóru ọjọ́ yẹn, á bá ọmọ rẹ̀ di ife náà mú títí ọwọ́ ọmọ á fi rọlẹ̀, á sì máa retí ọkọ̀ aago mẹ́fà. Ẹ kọ ìyẹn. Kí ẹ yọ fèrèsé àti ẹ̀kọ yẹn kúrò.