Ṣé dídì wáyà sípíkà nínú náítírójìn olómi ń mú kí ohùn ẹ̀rọ orin dára sí i?

Rárá, kò sí ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́. Òótọ́ ni pé nígbà tí wáyà bàbà bá wà nínú náítírójìn olómi, èyí tí ó tutù tó ìwọ̀n 196 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdènà tí iná mànàmáná ń bá pàdé nínú rẹ̀ máa ń dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n bí wáyà náà bá ti móoru padà nínú yàrá yín, ìdènà náà yóò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń gbọ́ orin nínú ìkòkò náítírójìn.

Ohun tí ó kan ohùn ni bí wáyà ṣe sanra tó àti bí ó ṣe gùn tó. Wáyà bàbà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí sísanra rẹ̀ sì jẹ́ 2.5 mm², ní ìdènà bíi 0.07 ohm (òṣùwọ̀n ìdènà) ní àlọ àti àbọ̀. Bí ìdènà sípíkà bá jẹ́ 8 ohm, ohun tí ó ń sọnù kò tó 0.1 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó). Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn jù ni ó lè yí ohùn padà ní tòótọ́, nítorí pé ìdènà sípíkà fúnra rẹ̀ kì í dúró sójú kan láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ohùn òkè.

Ní ọdún 2007, James Randi, onídán kan ní Amẹ́ríkà tí ó máa ń tú àṣírí ẹ̀tàn, ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹni tí ó bá lè fi etí nìkan mọ wáyà olówó gọbọi yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gba owó náà.