Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó irin rẹ

Àbúrò mi, o ní o ti kó owó irin mẹ́tàdínlógún jọ, gbogbo wọn alámì ẹranko, pé wọ́n ti dúdú, o sì ń béèrè bóyá ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí o fi fọ̀ wọ́n àbí ọṣẹ dúdú. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná, kí n sọ ohun tójú mi rí.

Bàbá mi ṣe kúùkù fún Fadá kan, ará Ireland, ní Ọ̀yọ́ níbí. Nígbà tí Fadá ń padà sílé, ó kó owó wẹ́wẹ́ ìlú wọn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún bàbá mi. Owó tí a ò lè ná ni, ni bàbá mi bá dà á sínú agolo mílíìkì. Èmi ni mo jogún agolo náà. Pẹ́nì ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bàbà ṣe: háàpù, ohun èlò orin olókùn, wà lójú kan, àgbébọ̀ adìyẹ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún wà lójú kejì. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo bu eérú lé e, mo fi kànìnkàìn gbo ó bí ìyá mi ṣe máa ń gbo ìkòkò nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ó dán o! Ó pọ́n bí èrìgì ọmọ tuntun. Mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi wá wò ó. Oṣù kan ò pé, àmì ìka mi yọ lára rẹ̀, ó wá rí kálakàla bí orí ọmọdé tí làpálàpá mú. Mo gbé e lọ bá bàbá kan tó ń ra owó àtijọ́ n'Íbàdàn. Ó fi gíláàsì wò ó, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e kalẹ̀. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ta ló fọ̀ ọ́?" Ó ní kí n ka àwọn ọmọ adìyẹ. Mẹ́rin ni mo rí dáadáa. Ìyẹ́ ìyá wọn ti bá eérú lọ.

Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Afẹ́fẹ́ ló ti ń fẹ́ sí bàbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí bàbà fi hu awọ, awọ yẹn ló sì ń bo èyí tó wà lábẹ́. Omi ọsàn á jẹ awọ, á tún jẹ bàbà mọ́ ọn. Tí yẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, rẹ ẹ́ sínú omi lásán mọ́jú, má gbo ó, kí o wá fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Etí rẹ̀ ni kí o máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́. Kí o sì yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí rèénkóòtù tuntun. Irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ máa ń sun nǹkan bí òróró, òun ló ń sọ owó bàbà di aláwọ̀ ewé. Àpò pépà kékeré ni mò ń lò, ọ̀kan fún owó kan.

Ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ owó aládìyẹ yẹn jáde. Irú owó ẹlẹ́ranko mẹ́jọ ni wọ́n tẹ pọ̀, Percy Metcalfe ló ya àwòrán wọn: ẹlẹ́dẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ehoro wà níbẹ̀, ajá, akọ màlúù, ẹja, ẹṣin. Akéwì ni alága ìgbìmọ̀ tó yàn wọ́n, W. B. Yeats. Bí kì í bá ṣe akéwì, ta ni ì bá gbà kí wọ́n ya ẹlẹ́dẹ̀ sórí owó ìjọba?

Tiwa ńkọ́? Nígbà tí náírà dé ní 1973, kòkó ni wọ́n yà sórí kọ́bọ̀ márùn-ún, ọ̀pẹ sórí mẹ́wàá, ẹ̀pà sórí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹranko ibẹ̀ kò ju idì àti ẹṣin méjì inú àmì orílẹ̀-èdè lọ. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná, ilé ìgbín òkun ni. Mo kó o mọ́ owó ẹlẹ́ranko tèmi. Ẹni tó bá ní kò yẹ, kó wá bá mi jà.

Ní ti owó irin alámì erin aláwọ̀ mèremère tí ẹnìkan fẹ́ tà fún ọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà: àwa tí à ń kó owó jọ ni wọ́n tẹ irú ẹ̀ fún, kò sẹ́ni tó fi ra ẹ̀kọ rí. Mo ra mẹ́ta, mo kábàámọ̀ méjì. Ẹ̀kẹta, ọmọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀.

Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn pamọ́. 5 faransi sẹ́fà ni kí o wá: orí ẹran kan tó ní ìwo, tó rẹwà bí egbin, wà lójú kan, ẹja tí ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn wà lójú kejì, tí wọ́n yà bí òṣùwọ̀n góòlù àwọn Akan. Àwọn awakọ̀ tó ń ná Kùtọnù kì í kà á sí. Èyí tí mo gbà kẹ́yìn ní Sábó, búrẹ́dì kan ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀, awakọ̀ náà sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.