Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: LTO Nínú Kíkọ́ Kernel

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yaba, mo sì ń kọ́ (build) kernel Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, fúnra mi lórí láptọ́ọ̀pù tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8. Mo gbọ́ pé LTO (link-time optimization, títún ètò ṣe nígbà tí wọ́n ń so fáìlì pọ̀) máa ń mú kernel yá sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí menuconfig, ojú ìwé tí a ti ń yan ètò kernel, n kò rí i níbẹ̀ rárá. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi compiler GCC sílẹ̀ kí n lo Clang, ó sì hàn lóòótọ́. Mo yan èyí tí wọ́n pè ní Full. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún bíi wákàtí kan àbọ̀, ó kù díẹ̀ kó parí, ló bá kọ “Killed”, ó sì dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n mú iná lọ kó tó débẹ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ kò ṣì í ṣe, ẹrù tí ẹ dì lé ẹ̀rọ yín lórí ló wúwo jù. Tí kò bá sí LTO, compiler máa ń mú fáìlì C kọ̀ọ̀kan, á sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ pátápátá láìwo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, linker á wá so ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ pọ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ìgbà tí ọ̀gá télọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó pín agbádá kan fún ọmọọṣẹ́ mẹ́rin ni: kálukú rán tirẹ̀ tán pátá, ọ̀gá kàn so wọ́n pọ̀. Bí aṣọ bá ṣẹ́kù ní apá tí ì bá wúlò ní àyà, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Nínú LTO, ọ̀gá ní kí wọ́n gé aṣọ wá láì tíì rán an, òun alára ló sì máa wò gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Aṣọ tí a gé tí a kò tíì rán yẹn ni LLVM, àkójọ irinṣẹ́ tí Clang wà nínú rẹ̀, ń pè ní bitcode. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ file wo ọ̀kan nínú àwọn fáìlì .o tí compiler ṣe jáde fún yín, ohun tí yóò sọ fún yín nìyẹn.

Ìdí nìyí tí wákàtí kan àbọ̀ fi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́: iṣẹ́ gan-an kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó kan linker ni ó kó bitcode gbogbo kernel sínú mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́mọ́rì tán, kernel tó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yín sì pa linker náà kí ẹ̀rọ má bàa dákú. Àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n bí àbúrò.

Ẹ yan ThinLTO dípò Full. Àkópọ̀ kékeré ni ó máa ń ṣe nípa fáìlì kọ̀ọ̀kan, inú àkópọ̀ yẹn ni ó ti ń pinnu iṣẹ́ tí fáìlì kan fẹ́ yá lọ́wọ́ òmíràn, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣe fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó jẹ mẹ́mọ́rì níwọ̀nba. Ẹ tún lo make localmodconfig, kí ó lè jẹ́ kìkì ohun tí ẹ̀rọ yín ń lò ni ẹ óò kọ́, kí ẹ sì pa debug info (àlàyé tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe), nítorí ó máa ń fẹ mẹ́mọ́rì lójú púpọ̀. Ẹ rántí pé -j, iye iṣẹ́ tí ẹ ní kí make ṣe pọ̀, kò dín iye iṣẹ́ tí linker ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kù. Àṣàyàn --thinlto-jobs ti LLD, linker LLVM, ló ń ṣe ìyẹn.

Ní ti iná tó lọ, ẹ lè bá ìtọ́ni àtijọ́ pàdé tó ní ThinLTO máa ń tọ́jú ohun tó ti ṣe sínú .thinlto-cache. Òótọ́ ni nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú Linux ní ọdún 2024, nítorí pé ìpamọ́ náà kì í mọ̀ bí fáìlì tí wọ́n fi .incbin (àṣẹ tó ń kó fáìlì sínú ètò bó ṣe wà) kó wọlé bá ti yí padà, ẹni tó ń ka /proc/config.gz, fáìlì tó ń fi ètò kernel hàn, sì lè máa ka ti àná. Ẹ gba agbára sínú inverter dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ẹ kò fi kọ́kọ́ rí LTO nínú menuconfig ni pé Kconfig, ètò tó wà lẹ́yìn menuconfig, máa ń yẹ irinṣẹ́ wò: compiler, linker, àti nm (tó ń to orúkọ inú fáìlì) pàápàá, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ti LLVM. Ẹ fi LLVM=1 sí gbogbo àṣẹ make, títí kan ti menuconfig. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò tún fara pamọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí yíyá. Linux 5.12, tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ni LTO ti Clang kọ́kọ́ wọlé, fún irú ẹ̀rọ arm64 àti x86-64, láti ọwọ́ Sami Tolvanen ti Google; Google sì ti ń lò ó lórí fóònù Pixel 3 láti 2018. Ohun tó gbé wọn dé ìdí rẹ̀ ju eré sísá lọ: ààbò tí wọ́n ń pè ní CFI, tí kì í jẹ́ kí olè darí kernel sí iṣẹ́ tí kò yẹ, nílò LTO nígbà náà. Láti Linux 6.1, CFI kò nílò rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ààbò ni ẹ ń wá, ẹ lè gba ara yín lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́ta ni a ń kọ́ kernel kékeré kan ní Súrùlérè, a fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ni. A fi -flto, àṣẹ tó ń tan LTO, kún Makefile, gbogbo rẹ̀ so pọ̀ láìsí àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n bí a bá tan ẹ̀rọ, dúdú ni ojú rẹ̀. Bí a bá yọ -flto, ó tún ń ṣiṣẹ́. Ṣé compiler ló bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ compiler. Kernel kún fún ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ kìkì nítorí pé fáìlì kan kò rí inú èkejì, LTO sì ti wó ògiri àárín wọn. Kíkọ -flto kò gbà ju ìṣẹ́jú kan. Wíwá àwọn ibi tí kernel ti gbọ́kàn lé ògiri yẹn ni iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ (function) tí ó jẹ́ pé inú asm (assembly, èdè tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ) tí ẹ kọ sáàárín C nìkan ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀. Compiler kì í ka asm bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe ń ka C, á rò pé kò sẹ́ni tó ń pè é, á sì gbé e jù nù. Ẹ fi àmì used sí i lára. Àwọn iṣẹ́ memcpy (tó ń da mẹ́mọ́rì kọ) àti memset (tó ń fi iye kan kún un) náà ń fa irú rẹ̀, nítorí compiler lè fúnra rẹ̀ dá ìpè sí wọn sílẹ̀ nígbà tí ó ti pẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n. Inú fáìlì tí kò ní LTO ni kí ẹ fi àwọn méjèèjì sí.

Èyí tí mo fura sí jù lọ ni ètò ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń kó àwọn iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ sínú section (apá fáìlì) kan, tí ẹ sì gbà pé bí fáìlì ṣe tò nínú Makefile ni wọn yóò ṣe tẹ̀ léra, LTO kò ṣe ìlérí yẹn fún yín: ohun tó fẹ́ lo mẹ́mọ́rì lè ṣáájú ẹni tó ń tò mẹ́mọ́rì, ojú ẹ̀rọ á sì dúdú. Linux náà kan ìṣòro yìí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní section tirẹ̀, ètò Perl kan tó ń jẹ́ generate_initcall_order.pl sì ń kọ bí wọn yóò ṣe tẹ̀ léra fún linker.

Bí ẹ bá ń ṣe ti arm64, ọ̀rọ̀ tún jinlẹ̀ sí i. Olùkọ kernel máa ń gbẹ́kẹ̀lé pé bí kíkà kejì bá dúró lé àdírẹ́sì tí kíkà kìíní mú wá, ẹ̀rọ kò ní yí wọn po. LTO ń rí jìnnà, ó lè sọ ìdúrólé yẹn di ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́, ẹ̀rọ kì í sì í tọ́jú ètò kíkà lẹ́yìn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí READ_ONCE, tí Linux fi ń ka mẹ́mọ́rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fi ń di kíkà acquire (tí kíkà tó tẹ̀ lé e kò lè ṣáájú rẹ̀) lórí arm64 nígbà tí LTO bá wà. Ó ń ná ẹ̀rọ ní àkókò díẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

Láti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ rántí pé fáìlì tó ní LTO àti èyí tí kò ní in lè so pọ̀. Ẹ yọ ọ́ lára ìdajì àwọn fáìlì, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ tún pín ìdajì tó kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀rọ ti ń jí. Linux fúnra rẹ̀ kì í fi LTO kọ́ EFI stub (apá tó ń jí kernel) àti vDSO (apá kernel tí àwọn ètò mìíràn ń lò tààrà).

ÌBÉÈRÈ: GCC nìkan ni wọ́n gbà láàyè níbi iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà. Ṣé ó ní LTO tí a lè lò fún Linux? GCC sáà ní -flto.

ÌDÁHÙN: Ó ní in láti GCC 4.5 ní 2010. Andi Kleen gbé àtúnṣe rẹ̀ fún kernel kalẹ̀ ní 2012, Jiri Slaby tún gbé e wá ní 2022, síbẹ̀ kò wọ Linux gan-an. GCC máa ń pín ètò sí apá-apá nígbà ìsopọ̀, kò sì ń rí orúkọ tó wà nínú asm, nítorí náà asm lè bọ́ sí apá kan, ohun tó ń pè é á sì wà ní òmíràn. Bí wọn kò bá gba Clang láàyè níbi iṣẹ́ yín, ẹ fi LTO sílẹ̀.