Power pack ni kí o kọ́kọ́ wò, kì í ṣe káàdì

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ pé ₦350,000 ni o ti tọ́jú, pé monitor àti keyboard ti wà nílẹ̀, pé GTA V àti EA Sports FC 24 ni ó wù ọ́ láti máa gbá, àti pé o kò mọ èyí tí ó sàn nínú kí o ra laptop géèmù tòkunbọ̀ tàbí kí o máa ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé. Ní tèmi, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí ó jẹ́ tower (àpótí ńlá tí ń dúró lóòró) ni kí o rà, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun máa ń lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà á dànù, kí o sì fi káàdì graphics (èyí tí ń gbé àwòrán géèmù jáde sójú monitor) tí kò béèrè wáyà iná lọ́tọ̀ sí i. Kò ní tan iná aláràbarà bí àwọn tí o ń rí nínú fídíò, ṣùgbọ́n iná aláràbarà kọ́ ni ń gbé géèmù.

Ọ̀nà tí mo gbà mọ èyí kò dùn. Ní ọdún 2021, mo ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹwà lórí tábìlì, owó rẹ̀ sì rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kò sí ohun tí kò ní gbà, èmi náà kò sì bi í léèrè síwájú sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo lọ ra káàdì RX 580 nítorí pé gbogbo ènìyàn ń yìn ín, memory rẹ̀ sì jẹ́ 8 GB. Mo gbé e délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé káàdì náà ga ju àpótí lọ. Kí n má parọ́ fún ọ, mo rò ó láti fi ayùn gé ìdérí àpótí náà kúrò, ṣùgbọ́n bí mo tilẹ̀ gé e, wáyà oníhò mẹ́jọ tí káàdì náà ń fi gba iná kò sí lára power pack (àpótí tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tí mo bá níbẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ìsọ̀, wọ́n ní ọjà tí a bá ti rà kì í padà. Ìdajì owó tí mo fi rà á ni mo tún un tà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ power pack. Ihò PCI Express tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) lè fún káàdì ní iná tí ó tó 75 wáàtì, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tí kò bá jẹ ju iye yìí lọ kò nílò wáyà mìíràn. GTX 1050 Ti tí ó jáde ní 2016 àti GTX 1650 tí ó jáde ní 2019 wà nínú irú èyí, 4 GB sì ni memory àwọn méjèèjì. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà nínú wọn tí ẹni tí ó ṣe wọ́n fi ihò wáyà oníhò mẹ́fà sí létí, nítorí náà yí káàdì náà wò kí o tó sanwó. RX 580 tí mo fi ìwàǹwára rà, 185 wáàtì ni òun nìkan ń jẹ. Wàyí o, power pack tí ó wà nínú Dell OptiPlex 7050 oní-tower jẹ́ 240 wáàtì. Bí processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) i5-7500 bá jẹ 65, tí káàdì jẹ 75, tí disk, fáànù àti motherboard sì jọ jẹ nǹkan bí 40, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, àyè sì ṣì kù. Má ṣe rò pé bó bá dọ̀la wàá yọ power pack náà, kí o fi èyí tí ó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Ẹnu wáyà tí wọ́n lò nínú irú kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe oníhò 24 tí power pack orí àtẹ ń lò, adapter ni wàá máa wá kiri. Ohun tí power pack náà lè gbé lónìí ni kí o fi díwọ̀n káàdì tí wàá rà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ìrísí àpótí. Orúkọ kan náà, bí 7050, ni wọ́n ń pe tower, ni wọ́n ń pe èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kọ SFF sí, ni wọ́n sì ń pe Micro tí kò ju Bíbélì ńlá lọ. SFF kò gba káàdì àyàfi èyí tí ó kúrú, Micro kò sì ní ihò káàdì rárá. Bí o bá dé Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà tí ó wà ní Ìkẹjà, má kàn béèrè bóyá 7050 wà; sọ pé tower ni o fẹ́, kí o sì ní kí wọ́n ṣí ikùn rẹ̀ fún ọ. Ní ti processor, ìran kẹfà tàbí ìkeje (àwọn tí nọ́ńbà wọn fi 6 tàbí 7 bẹ̀rẹ̀, bí i5-7500) yóò gbé géèmù méjèèjì tí o dárúkọ, nítorí pé i5-6600K àti GTX 1050 Ti ni ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí wọ́n kọ fún FC 24. Ṣùgbọ́n bí owó rẹ bá lè na ọwọ́ dé ìran kẹjọ, bí i5-8500, gbà á. Core (ẹ̀ka tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) mẹ́fà ni ó ní dípò mẹ́rin, Windows 11 sì gbà á, nígbà tí Windows 10 tí àwọn ti ìṣáájú gbára lé ti pàdánù àtìlẹ́yìn Microsoft láti ọjọ́ 14 oṣù October 2025.

Ìyà kejì tí ó jẹ mí wá láti ọ̀dọ̀ ayédèrú. Nígbà tí mo ti wá tower tí ó dára, mo rí GTX 1050 Ti kan tí owó rẹ̀ wálẹ̀ gidigidi, nínú ọ̀rá, tí ó ń dán. Windows pè é ní 1050 Ti lóòótọ́, ṣùgbọ́n GTA V ń fà bí ìgbín. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni ó fi GPU-Z, ètò tí ń sọ irú káàdì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, yẹ̀ ẹ́ wò: GTX 550 Ti ọdún 2011 ni, tí wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ dà nínú BIOS (ètò tí a kọ sínú) káàdì náà. Core 192 ni ìyẹn ní. 768 ni ó yẹ kí 1050 Ti ní. Bí mo bá ti mọ̀ ni, ojú lásán ni n bá fi mú un, nítorí pé ó ní ihò VGA (ihò wáyà monitor àtijọ́) aláwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ NVIDIA ti yọ VGA kúrò lára àwọn káàdì ìran 1050 Ti. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bó bá rí ekòló, á sá: láti ìgbà náà, n kì í lọ ra káàdì láìmú flash drive tí GPU-Z àti FurMark (ètò tí ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò) wà lórí rẹ̀ dání. GPU-Z yóò kọ FAKE sí iwájú orúkọ ọ̀pọ̀ irú ayédèrú bẹ́ẹ̀. FurMark ni kí o jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o máa wo bí ooru ṣe ń gòkè àti bóyá àwòrán ń já. Bí olùtajà bá ní kò sí iná, ra epo sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, owó epo náà kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo ti pàdánù.

Ní ti RAM (memory kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀), 8 GB méjì sàn ju 16 GB ẹyọ kan lọ, irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR4 sì ni 7050 ń lò. SSD (disk tí a ń kó géèmù sí) kò ṣe é fi ṣeré: FC 24 nìkan fẹ́ 100 GB, nítorí náà 512 GB ni kí o fojú sí. Data tí wàá fi wa géèmù kalẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn tí o bá ti ra géèmù náà, da fódà rẹ̀ kọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tí ó ti ní i, kí Steam (ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì) wá yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ̀nba ni yóò kù láti wà kalẹ̀.

Má bi mí ní iye tí mo ra tèmi, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ni iye yẹn ti di ìtàn. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí kọ̀ǹpútà má kọjá ìdajì owó, kí káàdì gba èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù, kí SSD àti UPS (àpótí oníbátìrì tí ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná tí ó bá lọ tàbí tí ó bá le jù) pín èyí tí ó kù. Mo mọ̀ pé UPS ni o fẹ́ fò. Má fò ó. Iná NEPA kan tí ó dé, tí ó le ju bó ṣe yẹ lọ, ni ó jó power pack mi ní 2022, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo sì fi wá irú rẹ̀ kí n tó rí i. Owó iná fúnra rẹ̀ kò pani: pẹ̀lú monitor, irú kọ̀ǹpútà yìí ń jẹ nǹkan bí 200 wáàtì, èyí tí ó túmọ̀ sí unit kan fún wákàtí márùn-ún géèmù, ₦225 ní iye tí wọ́n kéde fún Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024.

Laptop géèmù tòkunbọ̀ kò burú fún ẹni tí ó ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n bí káàdì inú rẹ̀ bá kú, motherboard ni ó bá a lọ. Ẹ̀yà tuntun tí mo lè fara mọ́ kò ju processor Ryzen 5 5600G lọ, nítorí pé graphics wà nínú rẹ̀, o sì lè fi gbá GTA V títí tí owó káàdì yóò fi dé. Àmọ́ nígbà tí o bá ra motherboard, RAM, àpótí àti power pack tì í, kò dá mi lójú pé ₦350,000 yóò tó o. Bí o bá ti rí tower tí ó wù ọ́, ya àwòrán ìwé tí ó wà lára power pack rẹ̀ àti ti etí káàdì náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó.