Obìnrin ni ká dìbò fún ni, àbí ẹni tó máa tún ọjà wa ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìdìbò tó ń bọ̀ ti pín ẹgbẹ́ obìnrin wa sí méjì. Àwọn kan ní obìnrin tó jáde ni ká gbè, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó wà; àwọn yòókù ní ẹni tó máa tún ọ̀nà ọjà ṣe làwọn ń wá, ìbáà jẹ́ ọkùnrin. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí?
Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, Mà, láàárín àwọn ìyá tí a fi ń yangàn gan-an. Nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ohùn wọn ṣọ̀kan, nítorí ohun tó ń dùn wọ́n kò yọ ẹnì kan sílẹ̀: ọmọbìnrin ti ń san owó orí láti ọmọ ọdún 15, ti ọkùnrin di ọdún 16, àwọn agbowó-orí a sì máa bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti wò ó bóyá ó ti tó sanwó. Wọn kò sinmi títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949.

Ọ̀rọ̀ ìbò ló wá là wọ́n. Ní 1953 wọ́n dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC ni Ransome-Kuti ń bá ṣe, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group sì ni Wúràọlá Esan, tí òun náà jẹ́ aṣáájú obìnrin, ń bá ṣe. Àwọn mìíràn ní kí ẹgbẹ́ obìnrin má tilẹ̀ bá òṣèlú da nǹkan pọ̀. Irú èrò yìí ló wà nídìí National Council of Women's Societies, àpapọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí Kofowórọlá Adémọ́lá ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, NCNC tí Ransome-Kuti ti ṣiṣẹ́ fún látọjọ́ pípẹ́ kọ̀ láti fà á kalẹ̀. Ó dá dúró, ìbò pín, Action Group sì wọlé. Ó dùn mí títí dòní. Àwọn obìnrin Àríwá ní tiwọn kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò rárá nígbà náà. 1976 ni wọ́n tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ náà.

Lójú tèmi, kì í ṣe pé wọ́n pín ló burú, bí kò ṣe pé kò sí ohun kan tí gbogbo wọn jọ fi lé ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ pé, bí ẹ kò bá ṣe èyí, ẹ kò ní rí ìbò wa. Ní ìpàdé yín tó kàn, ẹ má tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tí ọjà yín nílò sínú ìwé, kí ẹ sì pe obìnrin náà àti àwọn ọkùnrin tó ń bá a du ipò wá dáhùn lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ bi àwọn ọkùnrin náà pé obìnrin mélòó ni wọn yóò bá ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá wọlé.