Kí ẹ tó kó àwọn ọ̀rẹ́ yín lọ sí Tarkwa Bay

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire bóòtù tuntun. Ẹ ní ọ̀rẹ́ mẹ́wàá lẹ fẹ́ kó láti Lekki lọ sí Tarkwa Bay lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ padà nírọ̀lẹ́, ẹ wá ń béèrè irú oúnjẹ tó yẹ kẹ́ ẹ gbé. Oúnjẹ kọ́ ló máa yọ yín lẹ́nu. Ẹ dín èèyàn kù sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ sì kúrò ní etíkun yẹn kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọjọ́ ìbí ìyàwó mi ni. Wọ́n kọ ọ́ sára bóòtù mi pé èèyàn 12 ló ń gbà, àwa sì jẹ́ mọ́kànlá, mo ní ṣebí a ò tíì pé. N ò ka kúlà mẹ́ta tó kún fún yìnyín, n ò ka kẹ́ẹ̀gì epo, n ò ka ìkòkò ìrẹsì àti sípíkà ńlá tí àbúrò mi gbé wá. Láàárọ̀, kò hàn pé ẹrù ti pọ̀ jù. A gba abẹ́ afárá Lekki sí Ìkòyí, a gba abẹ́ ti Falomo, ọ̀sà tẹ́jú bí ẹní. Tarkwa Bay náà rọ̀, torí òkúta ràgàjì tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu òkun ní 1908 kì í jẹ́ kí ìgbì ráyè wọ ibẹ̀ tán. Àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, àwọn àgbà ń jó, kò sẹ́ni tó fẹ́ relé. Aago márùn-ún ti lù kí n tó rí gbogbo wọn kó wọkọ̀.

Ohun tí n ò kà sí nígbà yẹn ni pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, afẹ́fẹ́ máa ń ti orí òkun fẹ́ wá sílẹ̀, á sì máa le sí i. Tó bá wá bọ́ sí àsìkò tí omi ọ̀sà ń fà lọ sínú òkun, àwọn méjèèjì á dojú kọra lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Àpápá. Ìgbì ibẹ̀ kì í ga púpọ̀, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ léra láìsinmi. Bóòtù tẹ́rù pa kì í lè gun orí ẹ̀, ṣe ló máa ń ki imú bọ̀ ọ́. Omi ti ń dà lé wa lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹnjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Mo wẹ̀yìn. Ihò kékeré kan wà lára ẹnjìnì tó máa ń tú omi jáde tín-ín-rín bí ọmọdé tó ń tọ̀. Ó ti gbẹ. Mo pa ẹnjìnì, mo gbé e sókè, mo nawọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà fúnni, ló lẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fa omi, ó sì ti lọ́ mọ́ irin tó ń yí. Mo ń fi ọ̀bẹ gé e díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fun fèrè. Ìgbì ẹ̀ gbé wa. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà níwájú mi, ọmọ ọdún méje. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà, aṣọ tó ń múni léfòó lórí omi, la wọ̀ fún un. Bí bóòtù ṣe fì, jákẹ́ẹ̀tì náà gun ọrùn ẹ̀ lọ sókè, ó bò ó lẹ́nu, ó bò ó nímú, ojú ẹ̀ nìkan ló ń yọ. Ká ní ó já sómi ni, ṣe ló máa yọ́ gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ jáde. Mo ṣì ń rí ojú yẹn títí dòní.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹnjìnì jí. Ilẹ̀ ti ṣú ká tó débùdókọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo wa ti wà nílé tipẹ́, torí kò yẹ kí bóòtù èrò wà lórí ọ̀sà Èkó lóru.

Torí náà, ẹ ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọmọdé fún ọmọdé, èyí tó ní okùn tó ń gba ìtan kọjá. Kí oníkálukú wọ tiẹ̀ ní jẹ́tì, lójú yín, kẹ́ ẹ di í fún wọn, kẹ́ ẹ sì fa èjìká ẹ̀ sókè wò. Bí inú bá bí ẹnì kan torí aṣọ tó wọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí inú bí i. Ẹ fi okùn pupa tó ń pa ẹnjìnì han ẹni méjì nínú wọn, torí bí ẹ bá ṣubú sómi, ta ló máa dá ọkọ̀ dúró? Epo, ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìkẹta. Ẹ fi orúkọ gbogbo èrò àti aago tẹ́ ẹ máa padà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó wà nílé. Kí wọ́n ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ṣáájú, ojú máa ń tì wọ́n láti béèrè. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, kó jókòó láàárín, kó máa wo ilẹ̀ ọ̀ọ́kán. Oṣù kẹfà àti ìkeje, tí òjò ń rọ̀ gan-an, èmi ò kì í gbé ọ̀rẹ́ rárá.

Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́fà la lọ. Aago mẹ́ta kò tíì lù tí a ti so okùn mọ́ jẹ́tì. Ìrẹsì ṣì gbóná nínú kúlà, ibẹ̀ la jókòó sí tá a ti jẹ ẹ́ tán, a ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sọ omi di funfun lọ́ọ̀ọ́kán.